Iná Mànàmáná Kì í Gbọ́ Àwíjàre

Ẹnu ni mo fi gba oyè àkọ́kọ́. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, níbi tó jẹ́ pé bí èèyàn ò tiẹ̀ mọ ìdáhùn, tó bá ṣáà ti lè rojọ́ dáadáa, olùkọ́ á wá máàkì díẹ̀ fún un. Àṣà yìí ni mo gbé dé Amẹ́ríkà nígbà tí mo ní màá lọ gba oyè másítà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná.

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi wá àyè pé Michael Faraday, tó ṣàwárí ní 1831 bí a ṣe ń fi mágnẹ́ẹ̀tì mú iná jáde, kò lọ yunifásítì. Iṣẹ́ ìwé dídì ló kọ́ ní kékeré. Bí ẹni tó ń di ìwé bá lè ṣe é, ẹni tó ń ka ìwé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn, wọ́n gbà mí. Àmọ́ wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ọmọ tó ń ka oyè àkọ́kọ́, kí n ka calculus, físíìsì àti sákíìtì.

Bí mo ṣe wọ kíláàsì pẹ̀lú irùngbọ̀n mi, gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n rò pé olùkọ́ ti dé. Mo jẹ ọ̀wọ̀ yẹn títí wọ́n fi ní ká ṣe ìṣirò.

Okùn kan ni, tó dagun ní digírì 30, tó ń gbé ẹrù sókè. Mo tẹ sáìnì 30, ẹ̀rọ ìṣirò fún mi ní -0.988. Dípò kí n fura, mo kọ àlàyé tó jinlẹ̀ pé okùn náà ń ti ẹrù wálẹ̀ ni. Ọmọ Ìbàdàn kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú wò ó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rí okùn tó ń ti nǹkan rí? Rédíànì lẹ fi ẹ̀rọ yín sí, kì í ṣe digírì.”

Ó tẹ bọ́tìnì kan, 0.5 jáde.

Ní láàbù, mo fẹ́ wọn bátìrì. Mo yí mítà síbi áńpù, mo sì fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì ní tààrà. Bẹ́ẹ̀, mítà áńpù fẹ́rẹ̀ẹ́ má dínà iná rárá; ojú ọ̀nà ló yẹ ká so ó sí, kí iná gbà á kọjá lọ síbi iṣẹ́. Fíúsì jó. Mo ní mítà náà ló ti gbó, mo gba òmíràn. Ìyẹn náà jó. Mo rojọ́ títí. Ọ̀gá láàbù ní kí n lọ rò ó fún fíúsì.

Ìdánwò ló wá tú mi fó. Wọ́n fún wa ní àwo irin méjì àti àlàfo àárín wọn, ká ṣírò iye farad tó jẹ́. N ò rántí fọ́múlà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Faraday ni wọ́n fi sọ ìwọ̀n náà lórúkọ. Mo bá kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ kún ojú ìwé. Òdo ni mo gbà. Olùkọ́ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun gbádùn ìtàn náà.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn tí mo kà ní yunifásítì náà ló yọ mí, ìgbà tí mo sì gbọ́ nípa àṣìṣe kan ni mo tó mọ̀. Ní 1999, ọkọ̀ òfurufú tí NASA rán lọ sí Mars ṣègbé nítorí pé ikọ̀ kan fi pọ́n-ùn ṣírò agbára, ikọ̀ kejì fi newton. Wọn ò bi nọ́ńbà náà léèrè dáadáa ibi tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí òpìtàn ń bi ẹlẹ́rìí gan-an nìyẹn! Ó jọ pé àròyé nìkan ni mo kó wá láti ẹ̀ka mi, mo gbàgbé ìfura sílé. Ní báyìí, kí n tó tẹ ẹ̀rọ, mo máa ń bi ara mi pé báwo ló ṣe yẹ kí ìdáhùn tóbi tó, ibo ló sì yẹ kó kọjú sí.

Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà tí mo gbà, kó ka calculus kó tó kọ lẹ́tà, kó má tijú àtibi ọmọdé léèrè, kó sì tọ́jú owó fíúsì sápò.