Bàbá Ìbejì Ra Apá fún Katakata

Ẹ sún mọ́ mi bí, kí n tètè sọ èyí kí ẹlòmíì tó bà á jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Ẹ ṣáà mọ Bàbá Ìbejì wa, àwọn tó ń gbé ní Bowie, ní Maryland níbí, tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wọn lọ gbọọrọ, tí gbogbo wa ń ra ewédú àti tẹ̀tẹ̀ lọ́wọ́ wọn bí ooru bá dé? Àwọn náà ni. Àwọn tí kì í ju nọ́ọ̀tì nù. Ẹ wọ gáráàjì wọn, ẹ óò bá agolo bísíkíìtì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n tò sára ògiri. Nílé tèmi, òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń wà nínú agolo yẹn. Nílé tiwọn, nọ́ọ̀tì ni, wọ́n sì mọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí bọ́ lára fìríìjì, èyí bọ́ lára bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ìbejì sùn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

Ọ̀rọ̀ katakata wọn ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe katakata oko ńlá o, kékeré tí àwọn ará ìhín fi ń ṣe ọgbà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Cub Cadet. Ilé-iṣẹ́ International Harvester bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Louisville, ìpínlẹ̀ Kentucky, lọ́dún 1960, ẹ́ńjìnnì Kohler alágbára ẹṣin méje ló wà lórí ẹ̀. Ọdún 1960! Ọdún yẹn ni wọ́n bí Bàbá Ìbejì, ọdún yẹn la sì gba òmìnira ní Nàìjíríà. Nígbà tí bàbá òyìnbó tó múlé gbè wọ́n wá fẹ́ ta tirẹ̀, kí lẹ rò pé wọ́n sọ? “Ẹgbẹ́ mi nìyí.” Wọn ò tilẹ̀ ná an dáadáa. Ìyá Ìbejì wò ó títí, wọ́n ní nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dáyé lọ́dún náà, èwo ni kì í dákú lójú ọ̀nà?

Ṣùgbọ́n àléébù kan ló wà lára ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ẹrù ẹ̀ sókè. Irin gígùn kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Bẹ́ ẹ bá so abẹ́ tí wọ́n fi ń tari yìnyín mọ́ iwájú, àfi kẹ́ ẹ fi gbogbo ara fa irin yẹn kí abẹ́ ọ̀hún tó gbéra. Ẹ fà á, ẹ sún díẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún fà á. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin! Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé yìnyín ńlá ìjọ́sí, ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì? Orin ti parí kí ẹ̀yìn wọn tó nà. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí ló bà lé wọn.

Àwọn ìbejì ní àwọn á ra tuntun fún wọn. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní haidirọ́líìkì làwọn máa fi sí ti àtijọ́, irú èyí tó ń gbé ẹ̀yìn típà sókè tó fi ń da yanrìn. Táíwò rẹ́rìn-ín, Kẹ́hìndé lọ pe ìyá rẹ̀.

Níbi ìkómọ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Ìbejì ti là wá lóye bí haidirọ́líìkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni Ìyá Ìbejì, sìríǹjì kì í wọ́n nínú ilé. Bàbá mú kékeré kan àti ńlá kan, wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín so wọ́n pọ̀, wọ́n rọ omi kún un, wọ́n wá gbé ìgò malt lé orí ńlá náà. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ kékeré. Ìgò gbéra! Wọ́n ní Blaise Pascal, ará Faransé kan, ló ti ṣàlàyé ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, pé bẹ́ ẹ bá tẹ omi inú ohun tó dé pa, ipá náà á tàn dé ibi gbogbo lọ́gbọọgba, nítorí náà ibi tó bá fẹ̀ ló máa gbé ẹrù tó pọ̀. Wọ́n ní ṣùgbọ́n ẹ wò ó, kékeré rìn jìnnà, ńlá kò sún ju bíńtín lọ, kò sẹ́ni tó ń jẹ ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni ìgò ti ṣubú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ rántí léèsì ẹni tí malt dà sí, mi ò ní dárúkọ.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀, torí ìjà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn tí bàbá yìí máa ń sọ. Ọkùnrin ará Ireland kan, Harry Ferguson, ló gbé ọgbọ́n bí haidirọ́líìkì ṣe lè máa gbé ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn katakata kalẹ̀. Lọ́dún 1938, òun àti Henry Ford bọ ara wọn lọ́wọ́ pé àwọn á jọ ṣòwò. Ìwé ńkọ́? Kò síwèé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, katakata Ford 9N jáde, ọjà ń tà wàrà-wàrà. Àfi ìgbà tí ọmọ ọmọ Ford gba àkóso, tó ní òun ò bá wọn ṣe é mọ́. Ẹjọ́ dé kóòtù. Nígbà tó di 1952, àwọn Ford san owó tó lé ní mílíọ̀nù 9 dọ́là. Àbí ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ìdí nìyẹn tí Bàbá Ìbejì fi ń kọ rìsíìtì fúnni, kódà bó jẹ́ ewédú dọ́là méjì lẹ rà.

Níbo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, pọ́ǹpù tó máa ti epo inú haidirọ́líìkì. Àwọn kan ní kí wọ́n ra èyí tó ń lo bátìrì. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní bó bá ń gbé ẹrù, iná tó ń fà lè ju ọgọ́rùn-ún áńpíà lọ, bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nínú ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀ ara katakata yìí lè pèsè. Wọ́n wá lọ tú pọ́ǹpù power steering lára mọ́tò tó ti kú, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n wá ojò epo, wọ́n wá àsẹ́, wọ́n wá fáàfù tó ń darí epo, àti òmíràn tó ń dá epo padà bí ipá bá pọ̀ jù kí họ́ọ̀sì má bàa bẹ́. Sílíńdà tí inú ẹ̀ fẹ̀ ní íǹṣì méjì ni wọ́n rà. Wọ́n kọ ìṣirò sára ògiri gáráàjì, ó ṣì wà níbẹ̀: ní 500 psi, sílíńdà yẹn á gbé ohun tó lé ní 1,500 pọ́n-ùn. Ẹ̀yin ará, abẹ́ yìnyín ọ̀hún kò wúwo tó ìdá kan nínú márùn-ún ìyẹn!

Ọjọ́ tí wọ́n dán an wò, wọ́n dé fìlà abetí ajá. Mo wà níbẹ̀, ta ló máa pè mí tí mi ò ní lọ? Wọ́n fọwọ́ kan fáàfù báyìí. Abẹ́ fò sókè gbà! Bàbá fò sílẹ̀, fìlà gba ibòmíì lọ. Àṣé epo tí pọ́ǹpù mọ́tò ń tú jáde ti pọ̀ jù fún sílíńdà kékeré. Àfi kí wọ́n fi nǹkan dín ọ̀nà epo kù. Wọ́n ṣe é. Ó wá ń gòkè jẹ́jẹ́. Wọ́n tún ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, kò dúró: abẹ́ ti ilẹ̀, táyà iwájú méjèèjì gbéra, bàbá jókòó sókè bí ọba. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Sílíńdà náà ń tì, ó sì ń fà, fáàfù tí wọ́n rà kò sì ní àyè tí epo á fi lè máa lọ tó máa bọ̀ fàlàlà, kí abẹ́ lè máa tẹ̀ lé gegele ilẹ̀.

Bàbá òyìnbó múlé-tì wọn ló wá yanjú ẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó kàn gbé ṣéènì wá. Wọ́n yọ irin líle tó wà láàárín sílíńdà àti abẹ́, wọ́n fi ṣéènì rọ́pò ẹ̀. Ṣéènì lè fa nǹkan sókè, kò lè ti nǹkan mọ́lẹ̀. Ó parí.

Ó ku ohun kan, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀rín nìyí. Họ́ọ̀sì kan ń jò. Bàbá Ìbejì na ìka sí i kí wọ́n fi wá ibi tó ti ń jò, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Igbe tí Ìyá Ìbejì ké! “Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!” Mo rò pé ejò ni. Wọ́n ní epo tó ń tú jáde láti ihò bíńtín nínú ipá bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, kó dà bí ẹni pé abẹ́rẹ́ kan yín, kó má dun yín púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí dókítà wá gé ìka yín lẹ́yìn náà bẹ́ ẹ bá fi falẹ̀. Wọ́n ya páálí Indomie, wọ́n fi páálí náà wá ibẹ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n tú ipá inú họ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n ní ó yá, ẹ lè fọwọ́ kàn án wàyí. Bàbá Ìbejì ò fèsì. Wọ́n kàn ṣe “hùn.”

Láti ọjọ́ náà, ta lẹ rò pé ó ń wa katakata yìí? Yìnyín tó bọ́ kẹ́yìn, Ìyá Ìbejì ni mo rí lórí ẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan gbé abẹ́ sókè, wọ́n fi èkejì dáhùn fóònù. Bàbá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń júwe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín kó yìnyín iwájú ilé lọ́dún yìí, Ìyá Ìbejì ni kẹ́ ẹ pè. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ bàbá.