Ewédú Tí Mo Sè Kí N Tó Gbìn Ín

Odidi ọdún 30 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èkó, nínú kíláàsì tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí koríko kan kò sì lè hù sí láéláé. Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo padà sí Ìkirè, tí mo sì rí bí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ti fẹ̀ tó, mo búra pé ilé mi ni wọn yóò ti kọ́kọ́ já ẹ̀fọ́ tútù ní àdúgbò wa lọ́dún náà.

Oṣù Èrèlè ni. Ọyẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ, òwú àràbà ń fò kiri lójú ọ̀run, ìyeyè tí ó ti wọ́wé tán sì ń rúwé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni àkọ́rọ̀ dé, òjò bí àlejò tí í kanlẹ̀kùn tí í sì í sá lọ. Bí ó ti dá ni èsúnsún tú bo iná ìta, tí àwọn ọmọdé gbé abọ́ omi sábẹ́ iná láti fi kó wọn. Ta ni yóò wá sọ fún tíṣà pé òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀? Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo ti gbin àgbàdo poro mẹ́jọ. Ó hù, ó tutù yọ̀yọ̀, òjò kò sì yọjú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èyí tí oòrùn kò pa, adìyẹ aládùúgbò fi panu.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo gba Àpòmù lọ ra irúgbìn ewédú, ìlú tí àwọn òpìtàn ní aáwọ̀ ataare lásán ní ọjà rẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó tú Òwu ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ìyá arúgbó tí ó wọ̀n ọ́n fún mi ní, “Ọkọ mi, ara rẹ̀ le o. Dì í sínú aṣọ, rì í bọ omi gbígbóná, kí o sì fà á yọ kí o tó kà dé mẹ́wàá.”

“Ìyá, ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà.”

Mo délé, mo rò ó pé bí omi gbígbóná ìwọ̀nba bá ń jí irúgbìn, èyí tí ó pọ̀ yóò mú un sáré. Mo gbé e kaná, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba. Àṣejù, baba àṣetẹ́: nígbà tí mo padà dé, ewédú ń jó nínú omi híhó bí ìrẹsì ayẹyẹ. Ìlú tí ó mọ bí a ti ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù di dòdò Ìkirè ni mo wà, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí a lè sọ irúgbìn tí ó jinná dà. Nítorí kí ìyàwó mi má baà mọ̀, mo gbìn ín bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa: nígbà tí òjò gidi dé, nǹkan hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ gbòòrò, etí rẹ̀ rí wẹ́wẹ́ bí ayùn. Mo da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, mo pe aládùúgbò wá wò ó.

“Bàbá Dáyọ̀,” ni ìyàwó mi wí, “ṣé kì í ṣe èsìsì nìyí?”

Mo ní kí ó lọ ka ìwé. Mo gbé apẹ̀rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún já ẹ̀kúnwọ́ kan.

Àwọn àgbà ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa òwe náà kò mọ̀ mí, nítorí pé ìgbà tí mo fẹ́ fi ọwọ́ òsì yọ èyí tí ó lẹ̀ mọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ kejì náà gba tirẹ̀. Aládùúgbò tí ó ni adìyẹ ni ó sáré gbé epo pupa wá.

Lálẹ́, ìyàwó mi gbé àmàlà àti ewédú síwájú mi. Láti àárọ̀, kí n tó gbé apẹ̀rẹ̀ rárá, ni ó ti ránni lọ rà á ní Àpòmù. Ó fi ṣíbí sí i fún mi.