Ènìyàn Laṣọ, Orí Okùn Ló Wà

“Ènìyàn laṣọ” ni Yorùbá ń wí: ẹni tí kò ní èèyàn, ìhòòhò ló wà, ì báà gbé dàńdógó wọ̀. Iyì ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ, àmọ́ ìwádìí ìṣègùn ti fi hàn pé aṣọ náà ń bo ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti egbò pẹ̀lú. Ọmọ aráyé òde òní kò jiyàn rẹ̀. Kò kàn wọ aṣọ náà mọ́ ni, ó ń kà á. Facebook gbà kí ẹnì kan ní ọ̀rẹ́ 5,000. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé, tí ibà bá gbé e dè lóru, yóò rí àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tó pàdé gbà lọ́pọ̀ yanturu. Ẹni tí yóò bá a gbé omi gbígbóná ló ṣọ̀wọ́n.

Ní 1997, Sheldon Cohen àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó dà bí ẹni pé òwe yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ dán wò. Wọ́n kán kòkòrò àrùn ọ̀fìnkìn sí imú èèyàn 276 tí ara wọn le, wọ́n sì ti kà á ṣáájú pé oríṣi ìbátan mélòó ni oníkálukú ní: aya tàbí ọkọ, òbí, ọmọ, ará àdúgbò, ẹni ibi iṣẹ́, ará ìjọ. Ewu ọ̀fìnkìn fún àwọn tí oríṣi tiwọn kò ju mẹ́ta lọ ju ìlọ́po mẹ́rin ti àwọn tó ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òtútù sáà ni aṣọ kọ́kọ́ wà fún.

Bí ẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ bá dé, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké orí kíndìnrín a tú cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Oore ni fún ẹni tí ejò ń lé. Ẹni tí ó dá wà ń sá fún ejò tí kò sí lójoojúmọ́, títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi ru, tí oorun yóò dá lójú rẹ̀, tí ara kò sì ní lè bá àrùn jà bó ṣe yẹ.

Ìtàn ìlú Roseto ní Pennsylvania ló dùn jù ún gbọ́. Àwọn ará Ítálì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní ìparí ọ̀rúndún 19. Nígbà tí dókítà Stewart Wolf débẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ó rí i pé àrùn ọkàn kò pa wọ́n tó bó ṣe ń pa àwọn ará Bangor tó múlé tì wọ́n. Kì í ṣe oúnjẹ: ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń dín nǹkan. Wọ́n ń fa sìgá, wọ́n ń mu wáìnì, ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn sì ń wa òkúta jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà, ọmọ àti ọmọ ọmọ jọ ń gbé ilé kan, olówó kì í fi owó yangàn, wọ́n sì ń yà lọ́nà láti kí ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ kàwé, wọ́n rówó, oníkálukú kọ́lé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó mọ ọgbà yí i ká. Wọ́n ti là nìyẹn. Ikú àrùn ọkàn wọn gòkè títí ó fi bá ti Bangor dọ́gba.

Aṣọ tó ní wèrèpè tún wà. Ní 2005, Janice Kiecolt-Glaser àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ohio dá egbò kékeré sí apá tọkọtaya 42. Ti àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn lọ́bẹ kò yára jinná bíi ti àwọn tó ń fi pẹ̀lẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwòrán àyájọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n bá gbé sórí fóònù kì í ran egbò.

Ọmọ Yorùbá kò lè fi Roseto ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí ń ra aṣọ ẹbí pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe ẹbí lọ, odi ilé sì ti ga débi pé ajá nìkan ló mọ aládùúgbò. Ní 2018, ìjọba Bíríténì yan mínísítà tí yóò máa mójú tó ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà. Jàpáánù yan tirẹ̀ ní 2021. Iṣẹ́ tí ìyá alákàrà ń fi “Ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?” ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti di ohun tí wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí.