Ìwàásù Dé Àgbàdo, Ẹ̀kọ́ Ilé Kò Bá A Wá

Èmi kì í ṣe olófòófó, gbogbo Àgbàdo ló mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti kúrò lẹ́nu aláta, tó ti dé Ìjọkọ, tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ìjọba Èkó ṣí lọ́dún 2024, tó sì ti bọ́ sílẹ̀ ní Ọyìngbò, ta ló kù tí a fẹ́ fi í pa mọ́ fún? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹlòmíràn má baà fi iyọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin méjì oníwàásù yẹn ni, àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń fi táì rìn nínú oòrùn. Ọ̀kan jẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà, irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo tútù. Èkejì jẹ́ ọmọ Gánà. Kò sí èyí tó tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nínú wọn. Ìjọ wọn, tí mi ò ní dárúkọ, a máa rán àwọn ọ̀dọ́ jáde ní méjì-méjì fún ọdún méjì gbáko. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ dá jáde láìsí èkejì. Wọn ò gbọdọ̀ mu ọtí. Wọn ò gbọdọ̀ ní ọ̀rẹ́bìnrin títí ọdún méjèèjì yóò fi pé. Òfin yẹn dára, mo fọwọ́ sí i. Ẹ sáà bá mi fi sọ́kàn, torí ẹjọ́ ń bọ̀ níbẹ̀.

Wọ́n ní àwọn wá wàásù fún wa. Àwa! Ní Mówe tó wà nítòsí wa, ìjọ Ìràpadà tí Josiah Akíndáyọ̀mí dá sílẹ̀ ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta ní 1952 ti sọ igbó di ìlú ní kìlómítà 46 ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Lọ́wọ́ Ìbàfọ̀, àwọn Mountain of Fire ní ìlú àdúrà tiwọn. Ní Àgbàdo níbí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló ń jí wa, wọn kì í jẹ́ kí àkùkọ ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ìwàásù kó mú un wá, kò sí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀kọ́ ilé ni kò tó. Ta ló ń rán ọmọ lọ sí ìlú onílùú láì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kéré. Bàbá lańdílọ́ọ̀dù kan, alága àdúgbò, jókòó jẹ́jẹ́ níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ òyìnbó dé, ó dúró gbọnran lé bàbá lórí, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí i pé kí àwọn bọra lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà, ó fi ọwọ́ òsì na ìwé ìwàásù sí i, ó wá pe orúkọ àbísọ bàbá gbalaja, kò sí “Bàbá” níwájú rẹ̀, kò sí “Alága”, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta nínú mímí kan! Ọmọ Gánà, tí wọ́n ti kìlọ̀ ọwọ́ òsì fún nílé tiwọn náà, fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ó gba ìwé náà, ó fi dé ife tíì rẹ̀ kí eṣinṣin má baà kó sí i. Ìlò tí ìwàásù náà rí nìyẹn.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ìyá kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó ń jẹ àmàlà rẹ̀ lọ́sàn-án, ó rí wọn tí wọ́n ń kọjá, ó ní, “Ẹ wá jẹun o.” Ọmọ tí a bí sílé mọ ìdáhùn: á gba ibi ire, mà. Ó parí. Òyìnbó ní ọpẹ́ ni fún Olúwa, ó fa àpótí, ó jókòó. Kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, bí ẹni pé ìyá fẹ́ fún un ní májèlé. Lẹ́yìn náà ló mú ẹran. Ẹran kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àsìkò yẹn gan-an, wọ́n tún yọ, àwọn méjèèjì, ebi sì hàn lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn àpò ata ni ìyá gbé àmàlà rẹ̀ lọ. Àgbàlagbà tó ń sá jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀!

Mi ò ní pẹ́ lórí ti ìwé pélébé tí òyìnbó náà mú dání, tó fi ń béèrè iye ọmọ tí obìnrin kọ̀ọ̀kan bí, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Obìnrin kan kó tirẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ku iyọ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Ti òkú àgbà yẹn ló jẹ́ kí n di orí mú. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún papòdà, àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn ò ní sunkún, ijó ni àwọn máa jó. Wọ́n dí títì pa, wọ́n gbé ìbòòji sókè, léèsì àlùkò lọ́tùn-ún, gèlè aláwọ̀ wúrà lósì, àwòrán màmá tóbi bí ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ Gánà wo ìhín, ó wo ọ̀hún. Nílé tiwọn, aṣọ dúdú àti pupa ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ yìí kò jọ ọ̀fọ̀ rárá. Ó sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé ọjọ́ ìbí ni. Ni òyìnbó bá gba ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè lọ́wọ́ atọ́kùn ètò, ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kí màmá kú ọjọ́ ìbí, ó gbàdúrà pé kí ó ṣe púpọ̀ sí i láyé, ó wá béèrè pé ibo ni màmá wà kí òun lè ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Onílù dákẹ́. Àkọ́bí màmá, ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún, di ikùn mú. Títí di òní, àwọn kan ní ẹkún ló ń sun, àwọn kan ní ẹ̀rín ni. Èmi rò pé méjèèjì ni, ìtìjú ló sì jẹ́ bó ṣe wù kó rí.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, ọbẹ̀ lásán ni. Ẹ jẹ́ ká dé orí òkèlè.

Ẹnì kan la ọmọ òyìnbó yìí lóye pé ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀ kí àgbà nílẹ̀ Yorùbá. Ó dára. Àmọ́ kò kọ́ ọ ní ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún àti ẹni tí a kì í dọ̀bálẹ̀ fún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ aránṣọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún agbèrò kan ní gáréèjì. Agbèrò rò pé oòrùn ti pa á, ló bá ń pariwo kí wọ́n gbé omi wá. A rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó pè é sí kọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ opó kan tó jẹ́ kí àwọn fara pamọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nígbà òjò. Ọpẹ́ dára. Ó bi obìnrin kan lọ́jà pé kí ni à ń mú lọ sílé àgbà. Obìnrin náà, Ọlọ́run yóò bi í, di obì, oyin àti èso sínú apẹ̀rẹ̀, ó fi aṣọ pupa dè é lórí. Àwọn ọmọ yìí wọ kóòtù. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé ilé opó náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, àwọn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ọkọ ìyàwó àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyá ní, “Ẹ dìde.” Wọn ò gbọ́ èdè tó bẹ́ẹ̀, wọn ò dìde. Ó tún ní, “Ẹ dìde.” Wọ́n wà nílẹ̀. Ẹ kúkú mọ irú ẹni tí wọ́n máa ń ní kó dìde tí kì í dìde.

Opó yìí sì ní ọmọbìnrin kan nílé. Ó ti kàwé, ó ti ríṣẹ́, ọkọ ló kù, kò sì sí ìṣọ́ òru tí a kì í gba àdúrà rẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé omi jáde. Òyìnbó gbé orí sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ka gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ láti máa fi bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní gbogbo ilé: “A wá láti mú ayọ̀ wọ inú ẹbí yín.”

Ìlù ló kù!

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti di ìyàwó. Kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó ti di físà. Ọmọ tí òfin ìjọ rẹ̀ ò gbà kó ní ọ̀rẹ́bìnrin, òun làwọn ènìyàn ń pè ní àna káàkiri Àgbàdo. Nígbà tó yé e, wọ́n ní ojú rẹ̀ pọ́n ju tòmátò lọ. Àwọn ọ̀gá wọn ti gbé wọn kúrò ládùúgbò yìí, méjì mìíràn ti rọ́pò wọn, ṣẹ́ẹ̀tì ti àwọn yẹn ṣì funfun.

Àwọn kan ń sọ pé bí oníwàásù àjèjì ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Irọ́ ni. Henry Townsend dé Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 4 oṣù January 1843, ọ̀dọ́ ni òun náà, kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, iwájú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ló sì kọ́kọ́ lọ, ó mọ onílé kó tó wọlé. Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ó ń lọ sí Ìgbòho, ogun dí ọ̀nà, ó jókòó ti àwọn Ẹ̀gbá, ó ń kọ́ èdè. Kì í ṣe pé òun náà ò lẹ́jọ́ o! Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ́zò ọba Dàhọ̀mì kọlu Abẹ́òkúta lọ́jọ́ 3 oṣù March 1851, pásítọ̀ yìí, tó ti ṣe sójà rí, wà pẹ̀lú àwọn jagunjagun, ó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa jà. Pásítọ̀! Lójú ogun! Lọ́jọ́ Ajé! Ṣùgbọ́n ní 1858, àjọ Smithsonian tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Ẹni tó bá kọ irú ìwé yẹn ti jókòó tì wá pẹ́, ó ti gbọ́ bí a ṣe ń kí ara wa. Anna Hinderer náà dé Ìbàdàn ní 1853, ọ̀dọ́bìnrin ni, Kúdẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀dó sí, ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra. Nígbà ogun Ìjàyè, ebi pa á pẹ̀lú wọn. 1869 ló tó lọ. Kì í ṣe pé àwọn yẹn lo oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó gbé wọn láti àdúgbò dé àdúgbò.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ìka kan ṣoṣo na òyìnbó. Àwọn tiwa tí a ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ gbé ìjọ kalẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ ti ọmọ Mówe kan tó kí ìyá arúgbó òyìnbó aládùúgbò rẹ̀ pé, “Háà, ẹ ti sanra o!” Ìkíni rere ni lọ́wọ́ tiwa, ẹni tára rẹ̀ dá ló ń sanra. Ìyá náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ Mówe ní kí òun tù ú nínú, ó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́ láìpè, ó gbé kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù dání, ó pe ọmọ ìyá náà obìnrin, ẹni ogójì ọdún, ní Mọ́mì. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ òru, ìlù, àtẹ́wọ́, kí gbogbo ọ̀tá kú. Àwọn ọlọ́pàá ló wá bá a ṣe àmín ní aago méjì òru. Ìyá rẹ̀ nílé ń sọ pé inúnibíni ni. Inúnibíni wo? Ìwọ ló yẹ kí o ti sọ fún un pé ní ìlú tó ń lọ, àwọn ènìyàn a máa sùn!

Wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ó dára, ìyẹn kan ẹni tí a rán. Ta ló wá ń bá ẹni tó rán an wí? Ẹni tó kó bíbélì àti táì lé ọmọ lọ́wọ́, tó sì gbàgbé ìkíni, òun ló jẹ̀bi àkọ́kọ́.

Àwa la jẹ̀bi èkejì, n ò ní bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Àgbàdo, àgbà wà lọ́jà, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò orí tó wọ́. Alága àdúgbò ì bá ti sọ fún un pé, “Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún.” Aláta ì bá ti kọ́ ọ ní bí a ṣe ń dáhùn. Obìnrin tó di apẹ̀rẹ̀ yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ tó ń ṣìnà tọkàntọkàn, tó ń dìde, tó ń gbọn eruku nù, tó tún ń kí wa lọ́jọ́ kejì, ṣé òun ni kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni, tàbí àwa tí a mọ̀ tí a dákẹ́?

Nítorí náà, àwọn méjì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, kí ẹnì kan pè wọ́n jókòó lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ́ wọn ní ọwọ́, ìkíni, oúnjẹ àti ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ní ti opó tó ti mú àwọ̀ aṣọ ẹbí, tó ti gbowó lọ́wọ́ obìnrin mẹ́rin fún ìgbéyàwó tí ẹnikẹ́ni ò tọrọ, kó kọ́kọ́ dá owó wọn padà ná, ká tó tún jókòó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé ọmọ Amẹ́ríkà.