Baba Ojúlówó

Baba Ojúlówó ni orúkọ tí ó bá irú àgbàlagbà kan mu, ẹni tí ènìyàn kò lè ṣàì bá pàdé níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ṣeré àtijọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ìbáà ṣe ní gbọ̀ngàn àṣà tó wà ní Kútọ̀, ìbáà ṣe ní àgbàlá ààfin Aké nígbà ọdún Lísàbí, ìbáà sì ṣe lábẹ́ àgọ́ tí àwọn ọmọ olóòkú ta sójú títì ní Ìgbẹ̀ìn, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bá ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ kan tí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni ó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀: gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń kọ, ariwo ọjà ni, gbogbo ohun tí wọ́n kọ nígbà tí irun orí òun fúnra rẹ̀ ṣì dúdú, ojúlówó ni. Òun kọ́ ni ó ṣẹ̀dá orin náà, kò tẹ gìtá rí, kò sì lè lu ìlù kí ó dún bí ìlù, síbẹ̀ bí ó ti ń ṣe lójú agbo jọ ti ẹni tí wọ́n yá orin lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì wá wò ó bóyá wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Eré àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í ṣe orin ìbọ tàbí orin àwọn baba ńlá. Jùjú ni olórí rẹ̀, ìyẹn orin tí gìtá oníná, gángan, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ jọ ń gbé lẹ́sẹ̀, tí ọ̀gá ń dá, tí àwọn elégbè ń gbè. Àpàlà ni ó tẹ̀lé e, èyí tí kò bá gìtá tan, tí ó jẹ́ pé ìlù, agídìgbo àti òwe ni ó fi ń jẹun. Láàrin nǹkan bí 1960 sí 1985 ni méjèèjì gbilẹ̀ jù lọ lórí àwo, pẹrẹsẹ dúdú tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ń rìn lójú rẹ̀, tí í yí nǹkan bí ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, tí ojú rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè gba orin bí ogún ìṣẹ́jú láìdúró, nítorí pé olórin jùjú kì í fẹ́ kí ijó já mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Ebenezer Obey, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Ìdógò ní 1942, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar kí ó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964; King Sunny Adé ní tirẹ̀ gbé jùjú dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ní 1982, nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé àwo rẹ̀ jáde. Àwọn wọ̀nyí ni Baba Ojúlówó ń pè ní “àwọn ọmọ yẹn” nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì jiyàn pé kì í ṣe Ẹ̀gbá ni ó ni orin, yóò fa Alùfáà Josiah Ransome-Kútì yọ, baba-baba Fẹlá, ẹni tí ó kọ orin 43 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London ní 1922. Òótọ́ ni, àfi pé orin ìjọsìn ni ó pọ̀ jù nínú wọn, kò sì tíì sí ẹni tí ó fi wọ́n náwó níbi ìsìnkú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Abẹ́òkúta nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ní ìlú òyìnbó, orin kan wà tí wọ́n ń pè ní heavy metal, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ irin wíwúwo, tí wọ́n ń fi ìlù tí kò mọ àánú kọ, pẹ̀lú gìtá oníná tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn rẹ̀ jẹ́ títí tí ó fi ń kùn bí ẹ̀rọ ìlagi. Birmingham, ìlú iṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti ṣẹ̀. Tony Iommi tó ń tẹ gìtá fún ẹgbẹ́ Black Sabbath pàdánù ṣóńṣó ìka méjì sẹ́nu ẹ̀rọ níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ irin kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, nítorí náà bí wọ́n bá ní kí Ẹ̀gbá yan òrìṣà fún orin yìí, a kì yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dífá kí a tó mú Ògún. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, nígbà tí oòrùn kì í tètè wọ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tí wọ́n lé ní 80,000 a máa ya bo Wacken, abúlé kan ní àríwá Jámánì tí àwọn onílé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,000 lọ, níbi tí ayẹyẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1990. Wọn a dúró nínú ẹrẹ̀ láti wo àwọn arúgbó bí Judas Priest, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969. Ọkùnrin eléwú tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú aláìlápá, tó lẹ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ olórin mọ́ ọn láti èjìká dé ìdí, tó sì ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èyí kò tó èyí tí òun wò ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ọmọ ìyá Baba Ojúlówó ni. Ohun tí ó yà wọ́n kò ju pé òyìnbó a máa ki nǹkan bọ etí kí ariwo má baà dí i, nígbà tí Baba Ojúlówó í gbé àga síwájú ẹ̀rọ tó ń bú ramúramù, tí í sì í ní kí wọ́n tún un gbé sókè díẹ̀. Ní July 2025 ni Black Sabbath ṣe eré ìdágbére ní Birmingham. Orí àga ni Ozzy Osbourne, akọrin wọn, jókòó sí kọrin, oṣù náà kò sì parí tí ó fi kú. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti rí ohun tí wọn yóò máa fi fọ́nnu títí wọn yóò fi rọ̀run.

Ibi tí Baba Ojúlówó ti Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ fi ń fọ́nnu pé òun wà ni Àgọ́-Ìkà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù May, 1980, ni wọ́n pa Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀gá olórin àpàlà, ọmọ Ìtòkò, ní ilé ọtí kan ní àdúgbò náà, nígbà tí ìjà dé láàrin òun àti ọkùnrin kan tó ti bá a ṣiṣẹ́ rí, lórí ọ̀rọ̀ alùpùpù, tí ìyẹn sì la ife bíà mọ́ ọn lórí. Túndé Kèlání ti fi ìtàn rẹ̀ ṣe fíìmù ní 2021, ṣùgbọ́n fíìmù náà kò gún régé lójú Baba Ojúlówó, nítorí pé wọn kò wá bi òun léèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Òun wà níbẹ̀. Tábìlì kejì ni òun jókòó sí. Bí wọ́n bá kó gbogbo àgbà ọkùnrin Ẹ̀gbá tó ti búra pé tábìlì kejì ni àwọn wà lọ́jọ́ náà jọ, ilé ọtí ọ̀hún ìbá fẹ̀ ju pápá ìṣeré M.K.O. Abíọ́lá lọ, oníjà náà kì bá sì ti rí ààyè ju apá láàrin èrò.

Ìwé ìpè lè wí pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo ayé sì mọ̀ pé àwọn olórin kò ní í so wáyà mọ́ra kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ní agogo mẹ́ta ààbọ̀, Baba Ojúlówó ti wà lórí àga oníke funfun ní ìlà iwájú, lábẹ́ pátákó tí wọ́n kọ “Àlejò Pàtàkì” sí. Ó dé fìlà abetí-ajá, agbádá rẹ̀ gba àga mẹ́ta, ó sì gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan lé itan, tí ó fi ìwé ìròyìn wé bí ẹni wé ẹja. Àwo ni. Ó gbé e wá kí olórin lè fọwọ́ sí i, yóò sì máa tú u fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í: aáyán ti jẹ igun páálí rẹ̀ kan, àwòrán iwájú ti ṣá, ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ bá dá yóò rí i ní ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ ọ̀rọ̀ sí, pé orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹni tó bá yá a jọ̀wọ́ dá a padà.

Nígbà tí eré bá wá bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yóò na ìka kan sókè kí onígángan tó fi ọ̀pá kan awọ, ní àmì pé òun mọ ohun tí ìlù fẹ́ sọ, bí ìlù bá sọ ohun mìíràn, yóò rọra sọ ìka náà kalẹ̀, yóò sì yíjú sí ẹni tó kàn án: “Wọ́n ti gé e. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú àwo.” Orin tí olórin ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá ni òun yóò ti dá tán, ní ohùn tí ó fi ìgbésẹ̀ kan ṣáájú tí ó sì fi méjì lọ sókè. Bí orin bá gùn jù, yóò pariwo pé “Ojú kejì!”, bí ẹni pé ènìyàn ni wọ́n lè yí padà bí àwo. Ibí yìí gan-an ni àṣìṣe rẹ̀ wà, ó sì tóbi ju èyí tí ó ń ká mọ́ olórin lọ́wọ́. Láti ìpìlẹ̀, a kì í kọ jùjú bí ọmọ ilé-ìwé ṣe ń ka ohun tí ó há sórí. Àwọn tó wà lójú agbo lálẹ́ ọjọ́ náà ni olórin ń wò, tí ó ń fa orin gùn fún ẹni tó ń náwó, tí ó ń ké e kúrú fún ẹni tí ó rẹ̀, tí ó ń ti orúkọ àwọn àlejò bọ inú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n ká sínú àwo kò ju ìṣesí ọjọ́ kan lọ nínú ẹgbẹ̀rún ọjọ́. Baba Ojúlówó mú ọjọ́ kan náà, ó sọ ọ́ di Bíbélì, ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n lórí olórin sì di ìgbàgbé lójú rẹ̀.

Orin tuntun kò sí nínú ìjíròrò. Bí arúgbó olórin bá lè ní kí òun fi èyí tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tọ́ àwọn ènìyàn lẹ́nu wò, ìgbà náà ni Baba Ojúlówó máa ń rántí pé òun kò tíì jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà.

Síbẹ̀, kì í ṣe orin ni ó gbé e kúrò nílé, orúkọ ni. Kò sí ẹgbẹ́ jùjú tó gbójú tí kò ní ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa yí àárín àwọn àlejò ká pẹ̀lú bírò àti pépà, láti gba orúkọ, kí ó sì lọ sọ ọ́ sétí ọ̀gá, tí ọ̀gá yóò wá fi ṣorin bí ẹni pé ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jẹ. Baba Ojúlówó kì í dá orúkọ kan fún un. Orúkọ, oyè, orúkọ baba, ọdún tí ó fẹ̀yìn tì àti orúkọ ẹgbẹ́ ìlú ni ó ń kọ sílẹ̀ títí pépà yóò fi kún. Ìtàn Ẹ̀gbá sọ pé Lísàbí, ẹni tí wọ́n bí sí Ìtòkú tí ó sì wá tẹ̀dó sí Ìgbẹ̀ìn, sọ ààró di agbára, ìyẹn àjọṣe tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bá ara wọn ro oko, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la, láti inú rẹ̀ ni ó sì ti yọ ogun tó lé àwọn ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, kúrò ní ìlú. Ààró gan-an ni Baba Ojúlówó ka òde orin sí: olórin yóò bá a ro oko orúkọ, òun yóò bá olórin ro oko àpò. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ́ tirẹ̀ kò mú mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì kò dé déédéé, igba náírà sì ni ó pọ̀ jù nínú àpò agbádá náà. Òfin ni ó wá yọ ọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007, ní abala 21, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ju náírà lu olórin tàbí láti jó lé e lórí, ìjìyà rẹ̀ kò sì dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50,000 náírà, tàbí kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Láti 2024 tí àjọ EFCC ti ń mú un ní òótọ́, kò sí ẹni tó bẹ̀rù ìjọba ní Abẹ́òkúta tó Baba Ojúlówó. Ó ti di ọmọlúàbí tí kì í rú òfin. Àpòòwé ni ó ń gbé fún wọn, àpòòwé náà sì nípọn, nítorí pé wọ́n ká ìwé ìpè mọ́ owó inú rẹ̀.

Nǹkan bí agogo kan òru ni wọn í tó dé orí orúkọ rẹ̀. Oorun ti ń kun olórin, pépà ti kún, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kí ó pe Baba Ojúlówó ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó níwájú gbogbo Ìgbẹ̀ìn. Ọkùnrin tó ti fi wákàtí mẹ́rin tún ọ̀rọ̀ olórin ṣe yóò dìde, yóò gbọn agbádá lé èjìká, yóò sì jó dé ọ̀dọ̀ onígángan pẹ̀lú omijé lójú, kò sì ní í tún ohunkóhun ṣe.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé olórin àtijọ́ kò lè rí irú rẹ̀ mọ́ bí ó bá lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn jùjú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀, èyí tó tó fi ya fídíò. Ẹni tó lè jókòó láti ìrọ̀lẹ́ di òru nítorí gìtá kan tí kò dún bó ṣe ń dún mọ́ ti ń wọ́n. Ohun tí Baba Ojúlówó kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rọ àwo tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, aṣọ tábìlì àti fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n gbé lé e lórí, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni í sì í wá ojúlówó náà fún un lórí YouTube, tí ìpolówó ọjà ń já a láàrin.

Òǹkàwé tó bá bá ara rẹ̀ lórí àga tó kan Baba Ojúlówó nígbà ọdún Lísàbí tí ń bọ̀ kò nílò láti mọ orin kankan. Kí ó ṣáà há ọjọ́ kan sórí, kí ilẹ̀ má baà mọ́ bá a níbẹ̀: ọjọ́ kẹfà oṣù May, 1980. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kì í ṣe 1981.