Ẹ̀sọ̀ Kò Sí Lára Bọ́tìnì

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò ra jíìpù rí. Ká ní wọ́n rà á ni, wọn ì bá mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ ti di ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń dì mọ́ ọjà. Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà tí wọ́n ya òkè, yanrìn àti ẹrẹ̀ sí lára. Ẹni tó bá ti yí i sójú ẹrẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àròjinlẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló kù fún un láti lò, yóò sì lò ó dáadáa.

Ẹ ti rí i lásìkò òjò, lójú ọ̀nà oko tí ilẹ̀ pupa ti rọ̀. Táyà ẹ̀yìn kan rì. Ọ̀gá tẹ iná. Táyà yí, ẹrẹ̀ fò, àwọn ọmọ tó ń wòran sá sẹ́yìn. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀gá sì rò pé ọkọ̀ ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Ó tún tẹ iná sí i. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni iná yẹn ń bẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ ọkọ̀ ná. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, táyà ọwọ́ òde ń rìn jìnnà ju ti ọwọ́ inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa wọ́ nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Onésiphore Pecqueur, aláago ará Faransé, fi gba ìwé àṣẹ ní 1827 lórí àkójọ jíà tó ń jẹ́ kí táyà méjì yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ni dífíréńṣíà. Ọgbọ́n ńlá ni lójú ọ̀dà. Tó bá dé inú ẹrẹ̀, ó ń ṣe bíi bàbá tó ń gbé gbogbo oúnjẹ fún ọmọ tó ń jó lójúde, tí èyí tó dúró gbọn-in lóko ń wò ó. Táyà tí kò rí nǹkan gbá mú ló ń yí, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle kò mira. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí a fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù rà wá ń fi ẹsẹ̀ kan gbọ̀n.

Oògùn àtijọ́ ni kí a ti dífíréńṣíà náà pa, kí táyà méjèèjì máa yí pọ̀. Irin ni oògùn yìí, ó wúwo, ó wọ́n, ó sì ń béèrè pé kí awakọ̀ mọ ìgbà tí yóò tì í àti ìgbà tí yóò ṣí i. Ohun tí ayé òde òní kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun nìyẹn. Wọ́n wá wò ó pé ọkọ̀ ti ní búréèkì ABS, pé ẹ̀rọ ti ń ka bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń sáré tó. Kọ̀ǹpútà kúkú lè fi búréèkì di táyà tó ń yí lófo mú, kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ èkejì. Traction control nìyẹn, òun ló ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Range Rover ti ní in.

N kò ní sọ pé ọgbọ́n burúkú ni, ó ti yọ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú kòtò. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan títí táyà yóò fi yọ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá fúyẹ́ lórí iná, ọwọ́ tí yóò fi dì í mú á fúyẹ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń tì í, búréèkì ń dì í mú, sáfútù wà láàárín àwọn méjèèjì. Ká wá ní táyà tó ń yí kíkankíkan bẹ́ẹ̀ ṣàdédé kan òkúta. Gbogbo eré tó ti ń sá ní láti dúró lẹ́ẹ̀kan náà, eyín jíà tí kò nípọn ju ìka lọ ni yóò sì dá a dúró.

Ìtàn Land Rover Discovery kejì, tó jáde ní 1998, ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yẹn nígbà gbogbo, nítorí náà dífíréńṣíà kẹta wà láàárín tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ti àtẹ̀yìnwá ní ọwọ́ irin tí awakọ̀ fi ń tì í. Wọ́n yọ ọwọ́ irin náà, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti tó. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, ohun ìtìpa ṣì wà nínú àpótí jíà lódindi, ohun tí èèyàn máa fi dé ibẹ̀ ni kò sí. Àwọn tó mọ àṣírí ń wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà láti lọ ti ohun tí wọ́n ti fowó ara wọn rà. Àwọn tí kò mọ̀ ń tẹ iná. Táyà iwájú á máa yí lófo, àwọn jíà kéékèèké àárín á máa sáré lórí irin tó gbé wọn, ọ́ìlì á kúrò lójú wọn, irin á máa jẹ irin. Nígbà tó fi máa di 2004, ọwọ́ irin ti padà.

Ká má purọ́ mọ́ kọ̀ǹpútà ṣá. Ní 1972, àwọn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí John Blashford-Snell jẹ́ olórí wọn wa Range Rover méjì la igbó Darién kọjá, láàárín Panama àti Colombia. Nǹkan bí 400 kìlómítà ni igbó náà, ó sì gbà wọ́n tó ọjọ́ 100. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú ọkọ̀ wọn. Ẹrù ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní táyà ràgàjì tí wọ́n ní yóò wọ́ ọ la àbàtà. Dífíréńṣíà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Táyà ńlá di ilẹ̀ mú, ẹrù kò jẹ́ kí ọkọ̀ lọ, jíà tó wà láàárín ló gba ìyà. Ọkọ̀ tó wá ń ṣáájú wọn lànà ni Land Rover àlòkù kan tí wọ́n rà lọ́hùn-ún, ọkọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ohun tí yóò fi yangàn.

Ẹ̀sọ̀ kò kúkú ṣòro. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ yín wọn ẹrẹ̀ náà kí táyà tó wọn ọ́n. (Bàtà aláwọ̀ ni wàhálà, mo mọ̀.) Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà díẹ̀ kí ó tẹ́ sílẹ̀. Ẹ fi sí 4L, jíà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń rọra rìn, ẹ tẹ iná wẹ́rẹ́, kí ẹsẹ̀ yín má sì máa gbọ̀n lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ yanrìn jíjìn ni, ó lè jẹ́ pé pípa ni ẹ máa pa traction control náà, nítorí á máa gé agbára ẹ́ńjìnnì níbi tí ọkọ̀ ti nílò eré. Ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ìwé náà ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá wá.

Ẹlòmíì kò tiẹ̀ ní dé ẹrẹ̀ kó tó ba ọkọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ Hilux tó wà nílẹ̀ wa kò ní dífíréńṣíà àárín rárá. Ẹ yí i sí 4H, iwájú àti ẹ̀yìn ti di ọ̀kan. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á tu irin. Lójú ọ̀dà gbígbẹ kò sí ibi yíyọ̀, gbogbo kọ́nà tí ẹ bá ṣẹ́ ló ń lọ́ sáfútù, títí jíà kò fi ní fẹ́ jáde mọ́. Síbẹ̀ ẹnì kan á fi 4H sáré láti Ìbàdàn dé Èkó, ó ní ọkọ̀ ń di ilẹ̀ mú dáadáa. Lóòótọ́ ni, ó ń di ara rẹ̀ náà mú.

Táyà ńkọ́? Freelander àkọ́kọ́ ní viscous coupling láàárín, àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ́ìlì silicone tó máa ń gan bí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó fi táyà tuntun méjì síwájú, tó fi tòkunbọ̀ tó ti jẹ sẹ́yìn, ti sọ fún ẹ̀rọ yẹn pé ẹrẹ̀ ló wà láti ilé dé ibi iṣẹ́. Kò ní sinmi mọ́. Á gbóná, á gan pa, á sì bẹ̀rẹ̀ sí ba jíà iwájú jẹ́.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá wa, Olóyè, á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n á tú ọ́ìlì dífíréńṣíà sínú abọ́, irin wẹ́wẹ́ á máa dán nínú rẹ̀.

“Olóyè, ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo kankan lẹ́yìn ni?”

“Mo gbọ́. Mo yí rédíò sókè.”

“Kọrọ́ọ̀nù àti píníọ̀nù ló ti lọ yẹn, sà. Ọjà Ládípọ̀ la ti máa wá a.”

“Ṣé kì í ṣe wáyà ló já? Pe ríwáyà wá kó wò ó ná.”

Ríwáyà á dé, á fi iná tẹ́sítà kan ibí kan ọ̀hún, á gba owó tirẹ̀. Olóyè kò ní tún un ṣe. Á tà á: jíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, kò wọ ẹrẹ̀ rí, ìyàwó ilé ló ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oníbàárà á dé lọ́jọ́ kejì, á yí ọkọ̀ ká, á ta táyà nípàá, á ṣílẹ̀kùn, á jókòó, á fà á pa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní.

“Olóyè, ẹ́síì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń tutù dáadáa?”