Yàrá Kan Lábẹ́ Tírélà
Ní Cliveden, ilé ńlá àwọn ìjòyè tó di òtẹ́ẹ̀lì ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó gọbọi lolówó ń san kó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ti Àpápá, àdúgbò èbúté l'Ékòó. Lọ́dún 2018, ní Liverpool Road (orúkọ òyìnbó náà kúkú ni), awakọ̀ tírélà tó ń tò láti wọ èbúté á tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, á so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ irin, á wá na ẹsẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ẹlòmíì lo ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sẹ́ni tó bi í pé ìgbà wo ló ń lọ. Ẹ̀wà àgànyìn ń ti Ajégúnlẹ̀ bá a lẹ́nu táyà. Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjọba gbé ìlànà tí wọ́n á fi máa pe tírélà wọ èbúté kalẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ètò. Àpápá ti ní Ètò báyìí. Ó ku ètò.